Láìmù wo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rà? Àyẹ̀wò NHL 3.5, láìmù rírọ̀ àti láìmù jíjó fún àtúnṣe ògiri òkúta àtijọ́

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ àtúnṣe ògiri òkúta ilé àtijọ́ ní Britain, àpò NHL 3.5 (natural hydraulic lime, láìmù tó ń lo omi láti le) ni wọ́n sábà máa ń nà sí i ní ilé ìtajà. Ó jọ símẹ́ǹtì lójú, inú àpò oníkílò 25 ló ń wà, bí wọ́n ṣe ń po símẹ́ǹtì ni wọ́n ń pò ó, ó sì máa ń le láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyẹn ló mú kó máa tà. A kò sọ pé ọjà burúkú ni. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n ń tà á bí ẹni pé gbogbo ògiri ló wà fún, bẹ́ẹ̀ òkúta rírọ̀ tí wọ́n bá fi í sí láàárín yóò jìyà rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́, láìmù rírọ̀ tí wọ́n ti pò mọ́ yanrìn sínú ike ló yẹ kó ṣáájú, kí NHL tẹ̀lé e, kí láìmù jíjó sì gbẹ̀yìn pátápátá.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní London. Ìjọ wa púpọ̀ ló ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì òkúta tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, tí àwọn tó kọ́ ọ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Bí mọ́tà inú oríkèé ògiri bá ti ń ya bí ìyẹ̀fun, tí omi sì ń wọlé, ọmọ ìjọ tó jẹ́ bíríkìlà á dìde, á ra símẹ́ǹtì àti yanrìn, á sì fi Sátidé méjì dí gbogbo rẹ̀ pa. Inú rere ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ògiri bulọ́ọ̀kù àti ògiri òkúta àtijọ́ kò gba ìtọ́jú kan náà.

Ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ ni kò ní ohun tó ń dènà omi ní ìpìlẹ̀. Omi ń wọ̀ ọ́, omi sì ń jáde lára rẹ̀, mọ́tà tó wà láàárín òkúta sì ni ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí wọ́n bá fi símẹ́ǹtì dí ẹnu ọ̀nà yẹn, omi á gba inú òkúta fúnra rẹ̀ jáde. Iyọ̀ tó wà nínú omi á kóra jọ sẹ́yìn ojú òkúta, á di hóró, á sì máa ti ojú òkúta síta. Tí òtútù bá dé, omi tó há sínú rẹ̀ á di yìnyín, á sì fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 9%. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òkúta á ti jẹ wọnú, símẹ́ǹtì á wá yọ síta láàárín wọn bí afárá oyin. Ẹ máa rí i lára ògiri ọgbà àti ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri London bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń wò. Mọ́tà la lè pààrọ̀. Òkúta tí ojú rẹ̀ ti bọ́ kò ní ojú míì.

Láìmù tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà nílé. Ọ̀pọ̀ ẹfun yẹn, amọ̀ funfun ni, kò lè di òkúta. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò ni wọ́n fi ń ṣe láìmù. Tí wọ́n bá jó o nínú ààrò tó gbóná tó bíi 900°C, carbon dioxide inú rẹ̀ á jáde, láìmù jíjó ló máa kù. Tí omi bá kan láìmù jíjó, á gbóná, á hó, á wá di láìmù rírọ̀. Tí ẹ bá fi láìmù rírọ̀ sínú ògiri, á tún máa gba carbon dioxide padà láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi padà di òkúta. Símẹ́ǹtì òde òní gba ọ̀nà míì: wọ́n ń po òkúta náà mọ́ amọ̀, wọ́n sì ń jó o dé bíi 1,450°C. NHL wà láàárín àwọn méjèèjì. Òkúta tó ti ní amọ̀ nínú láti ilẹ̀ wá ni wọ́n jó, ìdí nìyẹn tó fi ń lo omi láti le, tó sì tún ń lo afẹ́fẹ́.

Láìmù rírọ̀ inú ike

Orúkọ tó máa ń wà lára rẹ̀ ni lime putty. Tí wọ́n bá ti pò ó mọ́ yanrìn, lime mortar ni wọ́n ń kọ. Èyí tí wọ́n ti pò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà. Owó rẹ̀ ga ju kí a ra putty àti yanrìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, ṣùgbọ́n yanrìn ibẹ̀ yóò ti jẹ́ irú tó yẹ, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì ti pé, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbájú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àǹfààní tó tóbi jù ni àkókò. Láìmù rírọ̀ kì í le tí afẹ́fẹ́ kò bá kàn án. Nínú ike tí wọ́n dé pa, tí omi díẹ̀ bo orí rẹ̀, ó lè wà fún oṣù púpọ̀. Putty lásán tilẹ̀ máa ń dára sí i bó ṣe ń pẹ́ sí i. Ohun kan tó ń bà á jẹ́ ni kí ó di yìnyín, nítorí náà ẹ má fi ike sílẹ̀ síta lálẹ́ oṣù kìíní. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi mọ́tà sí oríkèé kan, kó rí i pé kò dára, kó yọ ọ́, kó tún un pò, kó sì tún lò ó. NHL kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí: tí wọ́n bá ṣí ike, mọ́tà inú rẹ̀ máa ń ki, ó máa ń jọ pé ó gbẹ. Wọ́n á bu omi sí i. Ẹ má bu omi sí i. Ẹ dà á sórí pátákó, kí ẹ fi ìdí òòlù tàbí igi gún un bí ẹni gúnyán, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Omi tó ti wà nínú rẹ̀ á jáde, á wá fẹ́lẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ irin. Omi tí a bá bù lé e yóò gbẹ kúrò nínú ògiri, àyè tó fi sílẹ̀ yóò sì di ìlà tó sán láàárín mọ́tà àti òkúta.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mú un le, afẹ́fẹ́ kì í sì í tètè wọ inú lọ. Oríkèé tó jìn lè máa rọ̀ nínú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí òtútù líle bá bá a ní rírọ̀, á fọ́. Ní Britain, ìgbà tó dára jù láti lò ó ni oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ. Kò yẹ ní ibi tí òjò ń lù léraléra, bí orí ògiri tàbí símínì (ọ̀nà èéfín), kò sì yẹ ní abẹ́ ilẹ̀. Ẹ lè ra omi phenolphthalein díẹ̀ láti fi mọ ibi tó dé: ẹ ṣẹ́ mọ́tà kan, kí ẹ fọ́n ọn sí i. Ibi tó bá pọ́n bí àwọ̀ osùn kò tíì di òkúta. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà ti di òkúta. Ohun èlò kékeré ni, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fún òkúta Bath, tó wá láti agbègbè ìlú Bath ní England, tó rọ̀, tí oríkèé rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà 3 sí 5 lọ, kò sí ohun tó dà bí láìmù rírọ̀. Ẹ fi abẹ ayùn irin tó ti gbó yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ etí òkúta méjèèjì, kí ẹ gé e síbi oríkèé. Ẹ po putty mọ́ yanrìn wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun òkúta Bath fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tì í wọlé. Tí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ kan náà tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ yọ téèpù. Òkúta kò ní ní àbàwọ́n kankan.

NHL: ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa

Nọ́ńbà ara àpò ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìlànà EN 459-1 pín NHL sí mẹ́ta: NHL 2, NHL 3.5 àti NHL 5. Nọ́ńbà yẹn ni agbára tó kéré jù tí mọ́tà ìdánwò gbọ́dọ̀ ní lẹ́yìn ọjọ́ 28, ní N/mm² (ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí mọ́tà lè gbà kó tó fọ́). Òkè rẹ̀ ni wọn kì í sọ fún oníbàárà: NHL 2 lè dé 7, NHL 3.5 lè dé 10, NHL 5 lè dé 15. Èyí já sí pé NHL 2 ilé iṣẹ́ kan lè le ju NHL 3.5 ilé iṣẹ́ mìíràn lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì rú òfin. Ọjọ́ 28 náà kì í ṣe òpin. NHL ń le sí i lẹ́yìn ìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó tilẹ̀ lè ju ọdún kan lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà fi ìwé ìdánwò rẹ̀ hàn yín, kí ẹ wo agbára rẹ̀ ní ọjọ́ 28, ọjọ́ 90 àti ọdún kan. Olùtajà tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Orúkọ tó jọra tún wà. Hydrated lime tí wọ́n ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ símẹ́ǹtì kì í ṣe hydraulic lime. CL90 ni wọ́n ń kọ sára ti àkọ́kọ́. Ìyẹ̀fun láìmù lásán ni, kì í lo omi láti le, kí mọ́tà símẹ́ǹtì lè fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ bíríkìlà ni wọ́n ṣe ń rà á. Ẹni tó bá rà á ní èrò pé NHL ni, mọ́tà rẹ̀ kò ní le bó ṣe ń retí. Ẹ tún ṣọ́ àpò tí wọ́n kọ HL tàbí FL sí lára. Ìlànà gbà wọ́n láyè láti fi nǹkan mìíràn kún un, símẹ́ǹtì sì lè wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà N tó wà níwájú NHL ni owó yín ń rà.

Ìyẹ̀fun NHL fúyẹ́ ju símẹ́ǹtì lọ. Àpò oníkílò 25 NHL 3.5 máa ń kún nǹkan bí lítà 35 sí 40. Ẹ má fi ṣọ́bìrì wọ̀n ọ́n, nítorí ṣọ́bìrì yanrìn tútù àti ṣọ́bìrì láìmù kò dọ́gba láé. Garawa kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì, kí ẹ sì fi igi gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni láìmù kan sí yanrìn méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n yanrìn ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ gbé lítà kan yanrìn tó ti gbẹ pátápátá, kí ẹ máa da omi sí i láti inú ife ìwọ̀n títí omi á fi dé orí yanrìn. Tí omi náà bá jẹ́ mílílítà 330, àyè inú yanrìn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìwọ̀n yín á jẹ́ kan sí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ 400, kan sí méjì àbọ̀ ni. Láìmù gbọ́dọ̀ kún gbogbo àyè yẹn; tí kò bá kún un, mọ́tà á máa ya bí gààrí.

Yanrìn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí bíríkìlà nílé ń pè ní sharp sand: oníhóró, tí wọ́n ti fọ̀, tí hóró ńlá, àárín àti wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ láti mílímítà 4 wálẹ̀. Yanrìn rírọ̀ tí wọ́n fi ń to bíríkì kò yẹ. Hóró rẹ̀ dọ́gba jù, amọ̀ inú rẹ̀ sì ń mú mọ́tà súnkì. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀. Kí ó má dé ibi iṣẹ́ yín rárá.

Ẹ po ìyẹ̀fun àti yanrìn ní gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ fi dọ́gba. Ẹ wá máa fi omi sí i díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá ti dà bíi pé omi kù díẹ̀ kó tó, ẹ dúró, kí ẹ máa pò ó lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Á rọ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mọ́tà tí ẹ fi ọwọ́ rọ gbọ́dọ̀ dúró láìfọ́, omi kò sì gbọdọ̀ jò láàárín ìka yín. Ẹ lo gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, ẹ má fi ti àná kún ti òní.

Níbo ni NHL 3.5 ti ń tàn? Lára òkúta líle. Ṣọ́ọ̀ṣì London tí à ń sọ lókè, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ òkúta ragstone láti Kent, irú tí àwọn ará Róòmù fi mọ odi London tí wọ́n sì fi kọ́ Tower of London. Òkúta náà le, omi kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, nítorí náà oríkèé nìkan ni omi ń bá jáde. NHL 3.5 lágbára tó fún irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń jẹ́ kí omi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú sókè wo férémù fèrèsé àti igun ilé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Òkúta ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ Bath tàbí Caen (láti ilẹ̀ Faransé), tó rọ̀ gan-an. Mọ́tà ragstone kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Láìmù rírọ̀ ni tibẹ̀, tàbí NHL 2 tí ìwé rẹ̀ fi hàn pé kò le jù. Ògiri kan, mọ́tà méjì. Ẹni tó bá fún yín ní iye owó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò sì dárúkọ mọ́tà kejì, ẹ tún un bi dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

NHL 5 ní àyè tirẹ̀ ní orí ògiri, símínì àti ibi tí ilẹ̀ ti ń tutù. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní nǹkan kan fi í ṣe.

Láìmù jíjó

Èyí ló sún mọ́ ohun tí àwọn àtijọ́ ṣe jù. Tí ẹ bá ṣẹ́ mọ́tà ilé àtijọ́, tí ẹ rí kókó funfun kéékèèké nínú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n po láìmù jíjó mọ́ yanrìn tútù lójú ẹsẹ̀, ó sì hó nínú yanrìn. Wọ́n á wọn láìmù jíjó kan sí yanrìn mẹ́ta, ṣùgbọ́n láìmù náà máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń hó, nítorí náà mọ́tà tó jáde lọ́ràá ju ti ike lọ. Ó ń lẹ̀, ó rọrùn lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì kéré sí ti méjì yòókù. Lọ́wọ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, òun ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Síbẹ̀ a kò gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn kó dá rà á. Ooru rẹ̀ lè kọjá ti omi híhó, ó sì lè ta sí ojú. Láìmù tó wọ ojú lè fọ́ ojú pátápátá. Gíláàsì tó bo ojú yíká, ìbọ̀wọ́ gígùn, aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, àti omi mímọ́ púpọ̀ nítòsí kì í ṣe ohun àṣàyàn. Tí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Tí putty ni ẹ fẹ́ fi ṣe, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú ohun èlò irin, láìmù á wá tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá da omi lé orí láìmù tó kóra jọ, ó lè bú. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á yọ́. Àpò tí òjò pa nínú ọkọ̀ lè dá iná. Kókó tí kò bá tíì hó tán máa ń wú lẹ́yìn tó ti wọ ògiri, á sì ti mọ́tà jáde, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n jẹ́ kó sùn mọ́jú kí wọ́n tó lò ó fún ojú ògiri.

Bí ẹ ṣe máa fi dánra wò

Ẹ má fi ògiri àtijọ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ to òkúta jọ ní mítà kan sí mítà kan, kí ẹ fi láìmù rírọ̀ mọ ọ́n, kí ẹ wá máa yọ mọ́tà ojú rẹ̀, kí ẹ sì máa dí i padà. Oríkèé tó fẹ̀ ní mílímítà 10, tó jìn ní 25, ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin lítà mọ́tà ní mítà kan; lítà 25 á dí mítà 100. Ti ragstone tó fẹ̀ ní 20 tó sì jìn ní 40 ń jẹ tó 0.8 lítà ní mítà kan. Ẹ fi èyí ṣírò ohun tí ẹ máa rà.

Irin tó yẹ kò pọ̀: òòlù oníwọ̀n kílò kan àti díẹ̀, ṣísẹ́lì tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní plugging chisel, irin ìtẹmọ́tà tó fẹ̀ ní mílímítà 6, 10 àti 13, pátákó ìgbémọ́tà, ike ìfọ́nmi, àti búrọ́ọ̀ṣì onírun líle. Irin ìtẹmọ́tà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju oríkèé lọ. Trowel ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí bíríkìlà ń lò kì í wọ inú oríkèé, ojú ló ń pa mọ́tà mọ́. Iṣẹ́ ojú nìyẹn, á sì já bọ́. Ẹ̀rọ ìgé tí ń yí bírí, ẹ fi sílẹ̀. Ní oríkèé tó dúró lóòró, ẹnu rẹ̀ máa ń kọjá lọ gé òkúta òkè àti ti ìsàlẹ̀, ọgbẹ́ yẹn kì í sì í jinná.

Ẹ gbẹ́ mọ́tà tó ti kú jáde dé ìlọ́po méjì ìbú oríkèé, kó má sì dín sí mílímítà 25. Kí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, kó má rí bí ẹnu ṣóńṣó. Tí símẹ́ǹtì àtijọ́ bá ti lẹ̀ mọ́ òkúta tó fi jẹ́ pé yíyọ rẹ̀ yóò ṣẹ́ etí òkúta, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbà, ṣùgbọ́n òkúta ló ṣáájú. Ẹ fọ eruku jáde láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ògiri mu omi yó, kí ẹ sì dúró títí ojú rẹ̀ kò fi dán mọ́. Ògiri gbígbẹ á fa omi inú mọ́tà kí ó tó dìmú.

Ẹ ti mọ́tà wọlé láti ìdí, kí ìpele kan má ju mílímítà 20 lọ. Níbi tí oríkèé bá ti gbòòrò, ẹ tẹ àfọ́kù òkúta kéékèèké sínú rẹ̀. Àwọn ará Kent ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ragstone tipẹ́, nítorí pé mọ́tà tó kéré kì í súnkì púpọ̀. Tí etí òkúta bá ti jẹ, ẹ dá mọ́tà dúró sẹ́yìn díẹ̀. Mọ́tà tó bo etí òkúta dà bíi pé ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì ṣí.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àtàǹpàkò kò bá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè fa ìlà sí i, ẹ fi orí irun búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọlé ní tààrà, ẹ má fi gbálẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí ń pa ìlà tó sán dé, ó sì ń ṣí ojú mọ́tà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. NHL lè gba èyí láàárín wákàtí mélòó kan. Láìmù rírọ̀ lè di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá tètè ṣe é á rí mọ́tà tó ń lẹ̀ mọ́ irun, omi láìmù á sì jáde wá bo ojú rẹ̀ bí awọ tó dí i.

Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń fò jù, òun ló sì ń fa àbùkù jù. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ògiri láì jẹ́ kó fara kàn án, kí ẹ máa fọ́n omi wẹ́wẹ́ sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá ń jà. Ẹ má ṣiṣẹ́ tí ojú ọjọ́ bá fẹ́ wálẹ̀ sí 5°C. Tí mọ́tà bá ń ya bí ìyẹ̀fun tí ẹ fi ìka fà á, ó gbẹ kíákíá jù. Tí ìlà bá sán létí òkúta, omi inú rẹ̀ pọ̀ jù tàbí ògiri kò mu omi tó. Tí ojú rẹ̀ bá ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lẹ́yìn òtútù, yìnyín bá a kó tó le. Tí àbàwọ́n funfun bá ṣàn wálẹ̀ lára òkúta, òjò nà án lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọtí kíkan: wọ́n máa ń ní kí ẹ da á sórí mọ́tà àtijọ́, tó bá hó, láìmù ni. Irọ́ ni. Símẹ́ǹtì tó ti pẹ́ náà ń hó, yanrìn tó ní òkúta láìmù nínú náà ń hó. Kókó funfun àti bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ̀ ọ́ sọ òtítọ́ jù ú lọ. Tí ilé bá ṣe pàtàkì, ẹ gbé àfọ́kù rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Gígé òkúta tuntun sí ibi tí òkúta ti jẹ jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, ó sì ń gba ọdún. Ohun méjì ni kí ẹ mú dání báyìí. Òkúta tó di ìpele ìpele nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ nínú ògiri bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀. Tí ìpele rẹ̀ bá kọjú síta, á máa ṣí bí ojú ewé ìwé. Irin tí a fi ń de òkúta gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, nítorí irin lásán tó bá dípẹtà máa ń wú, á sì la òkúta. Eruku òkúta oníyanrìn kún fún silica tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ìbòmú FFP3 ni, kì í ṣe ti bébà.

Fún ẹni tó fẹ́ olùkọ́, SPAB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tí William Morris dá sílẹ̀ ní 1877, máa ń pe ènìyàn wá ṣiṣẹ́ lára ilé àtijọ́ gidi. Ní Scotland, Scottish Lime Centre wà ní Charlestown ní Fife, abúlé tí wọ́n tẹ̀ dó nítorí ààrò láìmù. Méjèèjì la lè dárúkọ láìbẹ̀rù.

Àwọn tó ń ronú nípa ilé Àgùdà tó ṣẹ́ kù ní Popo Aguda ní Èkó náà ní ohun tí wọ́n lè mú níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríkì àti amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju òkúta lọ. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ń há omi mọ́nú gẹ́gẹ́ bíi ti òkúta, ó sì ń wó láti inú.

Ṣáájú ohun gbogbo, tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé yín bá wà lórí àkọsílẹ̀ ilé àtijọ́ ní England, ẹ kọ̀wé sí council kí ẹ tó fi ṣísẹ́lì kàn án. Lábẹ́ òfin 1990, ṣíṣe iṣẹ́ tó yí irú ilé bẹ́ẹ̀ padà láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, kò sì yọ ìjọ sílẹ̀ àfi ìjọ mélòó kan tó ní ètò tirẹ̀. Ẹ ṣe àpẹẹrẹ mítà kan sí ibi tó farapamọ́ lára ògiri náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kí òṣìṣẹ́ council rí àwọ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ike láìmù kan ṣoṣo ti tó fún ìyẹn.